Bóyá, ó ṣeé ṣe, ta ló mọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iyèméjì nínú Sípáníìṣì ẹnu

Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Sípéènì ló ń béèrè èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan wọ̀nyí, àwọn tó ń bá ará Kúbà ṣe nǹkan pọ̀ nítorí Ifá ló tẹ̀ lé wọn. Sípáníìṣì tí wọ́n ń sọ nílé, lọ́jà àti lórí fóònù ni mo ń bá wí níbí, kì í ṣe ti ìwé àdéhùn.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fún “bóyá”. Èwo ni kí n mú?

*A lo mejor*. Láti Madrid dé Ìlú Mẹ́síkò, láti Havana dé Buenos Aires, wọ́n á gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó máa wò yín bíi pé inú ìwé lẹ ti jáde wá. Ẹ gbé e síwájú gbólóhùn, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ bó ṣe máa ń wà lójoojúmọ́: *A lo mejor viene mañana*, bóyá ó máa wá lọ́la. *A lo mejor no hay luz*, bóyá kò sí iná.

*Mejor* tó wà nínú rẹ̀ máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n á rò pé ohun rere nìkan ni wọ́n ń fi í sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. *A lo mejor está enfermo* ni “bóyá ara rẹ̀ ò yá”.

Ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè náà sọ pé *quizás* àti *tal vez* ni. Ṣé ìwé náà ò tọ̀nà ni?

Ó tọ̀nà. Ìtumọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ẹ sì lè gé *s* kúrò kí ó di *quizá* láìsí ìyàtọ̀ kankan. Wọ́n kàn wúwo lẹ́nu díẹ̀ ju *a lo mejor* lọ ni. Ẹ máa rí wọn nínú ìwé ìròyìn àti lẹ́tà, ẹ sì máa gbọ́ wọn lẹ́nu ènìyàn náà. Ohun tó mú kí wọ́n nira fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe oríṣi méjì ló lè tẹ̀ lé wọn. *A lo mejor* kò ní wàhálà yẹn.

Wọ́n ní *subjuntivo* ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kí ni í gan-an?

Ìrísí kan tí ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń gbé wọ̀ ni, nígbà tí a bá ń sọ nǹkan tí a kò fọwọ́ sọ̀yà pé ó rí bẹ́ẹ̀: ohun tí a fẹ́, ohun tí à ń bẹ̀rù, ohun tí a ṣì ń ṣiyèméjì lé lórí. *Viene*, ó ń bọ̀, á di *venga*. *Llueve*, òjò ń rọ̀, á di *llueva*. *Es* á di *sea*, *está* á di *esté*, *va* á di *vaya*. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, fáwẹ̀lì ìparí ni kí ẹ tẹ́tí sí: *habla* á di *hable*, *come* á di *coma*.

Ẹni tó ń sọ Yorùbá kò yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀, nítorí àwa náà ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ láìmọ̀. A máa ń sọ pé “mo mọ̀ pé ó ń bọ̀”, ṣùgbọ́n “ó ṣeé ṣe kí ó wá”, “mo fẹ́ kí ó wá”. Kò sẹ́ni tó ń sọ “mo mọ̀ kí ó wá”. Níbi tí “kí” bá ti yọ lẹ́nu yín, ẹ fura sí *subjuntivo*: *sé que viene*, ṣùgbọ́n *es posible que venga*, *quiero que venga*.

Ọgbọ́n yìí máa gbé yín jìnnà, àmọ́ ó máa já yín kulẹ̀ ní ibì kan tó ṣe pàtàkì. Àwa ń sọ “mi ò rò pé ó ń bọ̀”, pẹ̀lú “pé”. Àwọn ní *no creo que venga*. Gbàrà tí *no* bá ti dé iwájú *creo*, *subjuntivo* dé. Ẹ há èyí sórí.

Ẹ tò wọ́n fún mi: èwo ló gba *indicativo*, èwo ló gba *subjuntivo*?

*Indicativo*, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe ojoojúmọ́, ló ń tẹ̀ lé *a lo mejor*, *igual*, *lo mismo*, *seguro que*, *yo creo que* àti *me parece que*. *Subjuntivo* ló ń tẹ̀ lé *puede que*, *puede ser que*, *es posible que*, *es probable que*, *lo más probable es que*, *dudo que* àti *no creo que*. Nínú àwọn wọ̀nyí, *puede que* ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu ará Sípéènì: *Puede que llueva*, òjò lè rọ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi *puede* nìkan dáhùn. “Ṣé ẹ ń bọ̀?” *Puede.*

Àwọn tó lè gba èyíkéyìí ni *quizás*, *tal vez*, *probablemente*, *posiblemente* àti *seguramente*. *Quizás viene* àti *quizás venga* tọ̀nà bákan náà. Ẹni tó sọ *venga* ń jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà tín-ín-rín, kò sì yẹ kí ẹ dákẹ́ nínú ìjíròrò nítorí rẹ̀. Ẹyọ òfin kan ló le: tí ọ̀rọ̀ iyèméjì bá bọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, *indicativo* nìkan ló kù. *Viene mañana, quizás.* Kò sí *venga mañana, quizás* fún ìtumọ̀ yẹn.

Kí ló dé tí wọ́n ń lo àsìkò ọjọ́ iwájú fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ìyá ilé gbójú sókè: *¿Quién será a estas horas?* Ọjọ́ iwájú ni *será*, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó kan ilẹ̀kùn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ìyá ń sọ ni “ta ló lè jẹ́ nírú àsìkò yìí?” Ọmọ rẹ̀ á dáhùn láti yàrá: *Será el vecino*, aládùúgbò wa ni yóò jẹ́. Kò tíì rí ẹnikẹ́ni, ó ń méfò ni.

Àwa náà ńkọ́? Tí wọ́n bá bi wá pé níbo ni Bàbá wà, tí ilẹ̀kùn yàrá wọn sì wà ní títì, a ó ní “wọ́n á ti sùn”. “Á” yẹn kò ní ọ̀la kankan nínú. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni *estará durmiendo*, á máa sùn lọ́wọ́. *Habrá perdido el autobús*, bọ́ọ̀sì á ti fi í sílẹ̀ lọ. *Serán las cinco*, aago márùn-ún á ti lù. *¿Dónde estarán mis llaves?* ni ẹni tó ń tú àpò rẹ̀ wò máa ń sọ fún ara rẹ̀, kò retí pé kí ẹnikẹ́ni dá òun lóhùn.

Tí ohun tí à ń méfò lé lórí bá ti kọjá, wọ́n á lo *condicional*, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi ń sọ “ì bá”: *Serían las tres cuando llegó*, á tó nǹkan bí aago mẹ́ta nígbà tó dé. *Tendría unos treinta años*, á tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

Ohun tó jẹ́ kí èyí rọrùn fún wọn ni pé, lẹ́nu, ọ̀la gan-an ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn: *voy a ir*, *va a venir*. Ní Látìn Amẹ́ríkà pàápàá, *va a venir* ló gbalẹ̀ fún ohun tí ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ *estará* tàbí *tendrá* nínú ìjíròrò, ẹ kọ́kọ́ rò ó pé ẹni náà ń méfò, kí ẹ tó rò ó pé ọ̀la ló ń sọ.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín *debe estar* àti *debe de estar*?

Nínú ìlànà Real Academia Española, àjọ tó ń ṣe ìlànà èdè Sípáníìṣì, *deber de* wà fún ìméfò, *deber* láìsí *de* sì wà fún ọ̀ranyàn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí *deber* ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Lẹ́nu, *de* yẹn máa ń já bọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. *Debe estar en casa* lè jẹ́ “ó ní láti wà nílé”, kò sì yẹ kí ìyẹn ya àwa tí a ń lo “ó ní láti” fún ọ̀ranyàn àti fún ìméfò lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa tú u.

Ní Mẹ́síkò, ẹ óò gbọ́ *ha de*: *Ha de estar dormido*, ó ní láti jẹ́ pé ó ń sùn. Tí ọkàn ẹni bá dúró dáadáa lórí ohun tó ń méfò, ó lè sọ *tiene que estar en casa*: kò síbi tó tún lè wà mọ́.

Báwo ni mo ṣe ń sọ pé “ọkàn mi ń sọ fún mi pé…”?

Ní Sípéènì, *me da que*: *Me da que no viene*, ó ń ṣe mí bíi pé kò ní wá. Ní Mẹ́síkò, *se me hace que* tàbí *me late que*. *Para mí que* wà ní Argentina, ó wà ní Sípéènì náà. *Indicativo* ni gbogbo wọn ń bá rìn.

Ilé-iṣẹ́ kan kọ̀wé sí mi pé *Seguramente te llamamos el lunes*. Ṣé iṣẹ́ ti bọ́ sí i?

Rárá o. Ẹ má tíì fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀. *Seguro* ni ìdánilójú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n *seguramente* ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ìwé atúmọ̀ èdè Real Academia Española fúnra rẹ̀ fi *probablemente* tú u. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ fún yín ni “ó ṣeé ṣe dáadáa kí a pè yín lọ́jọ́ Ajé”. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti fi gbogbo ọjọ́ Ajé ṣọ́ fóònù nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì máa ń dùn mí, nítorí kò sẹ́ni tó parọ́ fún wọn.

Ibi tí ó ṣòro láti gbà ni pé gbólóhùn tí kò ní ọ̀rọ̀ ìdánilójú kankan ló lágbára jù. *Te llamamos el lunes*, a ó pè yín lọ́jọ́ Ajé, ìlérí nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ kó tún le sí i, wọ́n á fi *sin falta* sí i, láìkùnà. *Seguro que* ní tirẹ̀ ń ṣe bíi *seguramente*. Ẹni tó mọ̀ pé ọkọ òun ń bọ̀ á sọ *viene*. Ẹni tó bá sọ *seguro que viene* ń fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ ni. Ní Sípéènì, àwọn ọ̀dọ́ tún máa ń sọ *fijo que*: *Fijo que se ha olvidado*, ó dájú pé ó ti gbàgbé. Ìméfò ni òun náà.

Ọ̀rẹ́ mi ní Madrid àti ọ̀rẹ́ mi ní Buenos Aires kọ ohun kan náà sí mi: *Estoy cansada, pero igual voy*. Ṣé àwọn méjèèjì ń bọ̀?

Ará Buenos Aires ń bọ̀. Ará Madrid ò tíì pinnu. Ní Sípéènì, *igual* tó ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí jẹ́ “bóyá”: ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n bóyá màá wá. Ní Argentina àti Chile, “bó ti wù kó rí” ni: ó ti rẹ̀ mí, síbẹ̀ màá wá. Lẹ́tà kan ò yàtọ̀ nínú méjèèjì. Ìlú tí ẹni tó kọ ọ́ ti wá nìkan ló lè sọ fún yín bóyá kí ẹ se oúnjẹ ẹni méjì.

Àwọn ará Sípéènì tún ní *lo mismo* fún iṣẹ́ kan náà, *Lo mismo llueve*, bóyá òjò máa rọ̀. Tí ẹ bá ń bá ará Látìn Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ padà sí *a lo mejor*.

Kí ni *capaz*, *chance*, *de repente* àti *de pronto*?

“Bóyá” ni gbogbo wọn, oníkálukú ní ìlú tirẹ̀. *Capaz* ni ti Argentina àti Uruguay, ó sì wà ní ìlú mìíràn pẹ̀lú *que*: *Capaz viene*, *capaz que llueve*. Nínú ìwé, “ẹni tó lè ṣe nǹkan” ni *capaz*, nítorí náà ó máa ń ru ẹni tó kọ́ èdè náà ní kíláàsì lójú. *Chance* ni ti Mẹ́síkò: *Chance y voy*, bóyá màá lọ.

Méjì tó kù ló léwu. *De repente* àti *de pronto* jẹ́ “lójijì” níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ará Perú tó sọ *De repente voy* kò ní kí ẹ máa retí òun lójijì, “bóyá màá wá” ló ń sọ. Ará Kòlómbíà á lo *de pronto* bẹ́ẹ̀: *De pronto llueve más tarde*, bóyá òjò máa rọ̀ tó bá yá. Ìlú kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi etí sí, ìlú tí ẹ ń gbé tàbí ti àwọn tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó da gbogbo wọn pọ̀ kò ní dún bí ará ibì kankan.

Báwo ni mo ṣe ń sọ “wọ́n ní”, kí wọ́n má bàa fi ọ̀rọ̀ náà mú mi?

*Dicen que*, ẹ ti mọ ìyẹn. *Por lo visto* ló dùn mọ́ ará Sípéènì lẹ́nu: *Por lo visto se han separado*, wọ́n ní wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. *Visto* jẹ́ “ohun tí a rí”, síbẹ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ lè má rí nǹkan kan, kó jẹ́ pé ó gbọ́ ọ ni. *Al parecer* wúwo ju ú lọ, àwọn oníròyìn fẹ́ràn rẹ̀. *Se ve que* jẹ́ “ó hàn pé”, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rí àmì nǹkan.

*Dizque* ti Kòlómbíà àti Mẹ́síkò yàtọ̀ díẹ̀. *Dizque está enfermo*: ó ní ara òun ò yá, ẹni tó ń sọ ọ́ kò sì fẹ́ gbà gbọ́. Ẹ má fi sọ̀rọ̀ àgbàlagbà níwájú rẹ̀.

Aago tàbí iye tí kò dá mi lójú ńkọ́?

*A eso de las cinco* àti *como a las cinco* ni “bí i aago márùn-ún”. Sípéènì ní *sobre las cinco*, Argentina ní *tipo cinco*. Fún iye, *unos veinte* ni “nǹkan bí ogún”, *veinte y pico* ni “ogún ó lé díẹ̀”.

Ṣé wọ́n ní “àfàìmọ̀”?

Wọ́n ní in, ó sì dára púpọ̀. *No vaya a ser que* ló sún mọ́ ọn jù nígbà tí ẹ̀rù bá wà nínú ọ̀rọ̀: *Llévate el paraguas, no vaya a ser que llueva*, mú agbòòrùn dání, àfàìmọ̀ kí òjò má rọ̀. *Subjuntivo* ló ń bá a rìn. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ohun kan náà pẹ̀lú *por si*, ẹ padà sí *indicativo*: *Llévate el paraguas por si llueve*. Àwọn àgbà á ní *por si las moscas*, eṣinṣin sì ni *moscas*, ṣùgbọ́n “bí ó bá ṣẹlẹ̀” ni wọ́n ní lọ́kàn.

Tí kò bá sí ẹ̀rù, tó jẹ́ pé ẹ kàn ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ẹnu, ará Sípéènì á sọ *¿A que no viene?*, ṣé kí a jọ ta á pé kò ní wá?

*Ojalá* ń kọ́? Ṣé “bóyá” ni òun náà?

Ìrètí ni, kì í ṣe ìṣirò. Láti inú Lárúbáwá tí wọ́n sọ ní Sípéènì nígbà àwọn Mùsùlùmí ló ti wá, “tí Ọlọ́run bá fẹ́” ló sì jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ “ínṣá Allah” lójoojúmọ́ á mọ ibi tí ó jókòó sí nínú gbólóhùn. *Subjuntivo* ni nígbà gbogbo: *Ojalá llueva*, Ọlọ́run jẹ́ kí òjò rọ̀. Tí wọ́n bá sọ ọ́ pẹ̀lú *subjuntivo* ti àsìkò tó ti kọjá, *Ojalá pudiera*, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé kò ní ṣeé ṣe: ì bá ṣe pé mo lè ṣe é.

*No sé si viene*, *no sé si vendrá*, *no sé si venga*: mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Méjì àkọ́kọ́ dára níbi gbogbo. Ẹ̀kẹta, pẹ̀lú *subjuntivo*, ẹnu àwọn ará Mẹ́síkò àti àwọn ìlú mìíràn ní Látìn Amẹ́ríkà lẹ ti máa gbọ́ ọ. Olùkọ́ ará Sípéènì lè fi pẹ́ńsùlù pupa sí i fún yín. Ẹ má bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tún ọ̀rẹ́ yín ará Mẹ́síkò ṣe.

Ṣé àrífín ni *yo qué sé*?

Láàárín ọ̀rẹ́, rárá. Sí àgbà tàbí ọ̀gá, ó lè dún bí “èwo ni tèmi níbẹ̀”, ohùn tí ẹ fi sọ ọ́ ló máa pinnu. *Qué sé yo* ni ti Argentina, *quién sabe* sì wọ́pọ̀ ní Mẹ́síkò. *Vete a saber* àti *a saber* ní Sípéènì jẹ́ “ta ló mọ̀”. *Sabe Dios* ni “Ọlọ́run ló mọ̀”, wọ́n sì ń fi ìmí ẹ̀dùn sọ ọ́ bí tiwa.

Fún ẹni tí ẹ ń pè ní *usted*, tó jẹ́ irú “ẹ” tiwa, *No sabría decirle* ló yẹ. Ó tumọ̀ sí pé ẹ ò mọ̀, ó sì bọ̀wọ̀. Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba èyíkéyìí.

Tí ẹnì kan bá ní *a lo mejor voy*, ṣé ó ń bọ̀?

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Tó bá bi yín ní aago àti àdírẹ́sì, ó ń rò ó lóòótọ́. Tó bá fi *ya te digo algo*, màá fi tó ẹ létí, parí ọ̀rọ̀, tí kò béèrè ohunkóhun, ó ti fi sùúrù kọ̀. Wọn kì í fẹ́ sọ *no* gbuurugbu sí ẹni tó pè wọ́n sí ayẹyẹ, bí àwa náà kì í ti í fẹ́. *A ver si quedamos*, jẹ́ ká wá ọjọ́ tí a máa ríra, láìsí ọjọ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀, ìkíni ni. Ẹ fi ẹ̀rín dáhùn, *sí, a ver si quedamos*, kí ẹ má sì kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà.

*Ahorita* náà wà nínú èyí. Ní Mẹ́síkò, ó lè jẹ́ báyìí-báyìí, ó lè jẹ́ wákàtí méjì sí i, ó sì lè jẹ́ pé kò ní ṣẹlẹ̀. Ní Kúbà, “tó bá ṣe díẹ̀ sí i” ni. Tí ẹni tó fẹ́ gbé yín láti pápákọ̀ òfuurufú Havana bá ní òun ń bọ̀ *ahorita*, ẹ wá ibi jókòó.

Tí ọ̀rọ̀ náà bá kan owó, ilé tàbí ìwé ìgbélùú, ẹ má dúró lé *a lo mejor* lórí. Ẹ béèrè ọjọ́: *¿Qué día te va bien?* Tí ó bá dá ọjọ́, ẹ tún un sọ fún un kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Tí ó bá tún dáhùn pé *ya veremos*, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an.